Ọ̀pá Tí A Fi Ń Wọn Ẹja ní Kambolé

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni pé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ń dàgbà.

Mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ní Kambolé, àwọn èèyàn ṣì ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Alága komité odò dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní:

"Bàbá, mi ò bú yín o. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí a wà ní kékeré, ẹja ń gùn ju ọ̀pá yẹn lọ. Nísinsìnyí, ọ̀pá ló ń gùn ju ẹja lọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló yí padà. Ẹja kì í kúrú sí i. Ó kù sọ́wọ́ ọ̀pá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù kò rín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ọ̀pá tó gbé lé itan, bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀ tí olùkọ́ ní ó jí ṣọ́ọ̀kì ní ilé ìwé.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Sokodé. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, mo ti gbọ́ ẹjọ́ màlúù tó jẹ iṣu oníṣu. Mi ò tíì gbọ́ ẹjọ́ igi tó ń dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e. Mo fa ìwé mi yọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mọ ibẹ̀: adágún kan wà lẹ́yìn ìlú wa, lọ́nà oko. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún la ń pẹja níbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá ti fà tó sì mọ sí ìbàdí. Tọkùnrin tobìnrin ló ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú àwọ̀n àti agbọ̀n. Epìyà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà, òun náà ni pé gbogbo ẹja gbọ́dọ̀ kọjá lórí ọ̀pá. Igi àyin ni ọ̀pá náà, gígùn rẹ̀ tó láti ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi a tẹ́ ẹja lé e. Bí ẹja bá gùn tó o, yóò ní "Ó tó," ẹja yóò di ti ẹni tó pa á. Bí kò bá gùn tó o, yóò ní "Kò tó," yóò dá a padà sínú omi jẹ́jẹ́, yóò sì sọ fún un pé, "Máa lọ, lọ dàgbà."

Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, ó sì ti ń ṣe é kí n tó mọ ìwé kà. Lójú gbogbo wa, òfin tó dára ni. Ta ni yóò pa ọmọdé? Àwọn àlejò tó ń wá wòran láti Goubi máa ń yìn wá, wọ́n ní a láàánú.

Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, "Kò tó" ń pọ̀ sí i. Ìyá mi máa ń yan ẹja lọ tà ní ọjà Tchamba. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìrù ẹja máa ń yọ jáde létí àwo rẹ̀ níhà méjèèjì. Nígbà tí mo fi máa parí ilé ìwé, ẹja ti wọnú àwo tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n dà bí àtẹ́lẹwọ́. Ọdún tó ṣáájú ẹ̀sùn yìí, ìyá mi gbé àwo lọ sódò, àwo náà ló gbé padà wálé, ó pọn omi sínú rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣófo.

Ìyẹn sì mú kí àwọn èèyàn máa gbọ́n. Ọkùnrin kan fa ìrù ẹja rẹ̀ lójú wa títí ìrù fi fẹ́ já. "Ẹ jẹ́ kó nà díẹ̀, Bàbá, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe pé ó kúrú." Ọkùnrin mìíràn ní kí wọ́n la ẹnu ẹja nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

"Ẹnu rẹ̀, ṣé kì í ṣe ara rẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi í léèrè pé, "Bí télọ̀ bá ń wọn ìwọ fún ṣòkòtò, ṣé o máa ń la ẹnu?"

Komité ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé wọn, olùkọ́ ilé ìwé kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní Faransé: ẹnu ní pípadé, ìrù ní títẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí alága fi ẹ̀sùn kan ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ igi."

Ọjọ́ kejì la lọ sí Tchamba. Alága kò gbà kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan gbé ọ̀pá náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sì gbà kí alága nìkan gbé e. Wọ́n fi aṣọ wé e, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn sẹ́míjàn kan, alùpùpù akérò, ọ̀kan di orí ọ̀pá mú, èkejì di ìdí rẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn lórí alùpùpù tèmi. Ní ibi tí a ti dúró fún màlúù láti kọjá, onísẹ́míjàn yíjú padà, ó wo aṣọ náà, ó ní, "Ẹ dákun, igi yìí, kí ló ń ṣe é?"

Alága ní, "Ìyẹn la fẹ́ lọ wò."

Kótókòlí ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí a bá ní Tchamba. Alága gbọ́ Tem, èdè wọn, dáadáa, ó rò fún un. Ọkùnrin náà wo àwa mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá a ń ṣeré. Ó tú aṣọ, ó yí ọ̀pá po, ó fi àtàǹpàkò pa orí rẹ̀. Ohun tó sọ ni mo kọ yìí:

"Igi gbígbẹ kì í gùn sí i. Ẹ wo orí rẹ̀ yìí. Ọwọ́ ti jẹ ẹ́. Ẹ wo ìdí rẹ̀, òun náà ti jẹ. Ọ̀pá yín ti kúrú ju bí ẹ ṣe gé e lọ."

Alága ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lu òǹtẹ̀ lé e, nítorí komité kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni gbẹ́nàgbẹ́nà ní, èyí tó ń lù sẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tó wà nínú àpótí komité títí dòní sọ pé ọ̀pá Kambolé kò dàgbà rárá. Lábẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ ní: ILẸ̀KÙN ÀTI FÈRÈSÉ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. A ti fẹ́ dé ilé. Nígbà náà ni alága kígbe láti orí sẹ́míjàn wọn sí mi lórí alùpùpù tèmi:

"Tí ọ̀pá kò bá gùn sí i, a jẹ́ pé ẹnì kan ń jẹ àwọn ẹja tó gùn!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ṣì di ìdí ọ̀pá mú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti kárí ìlú. Ta ló ń gbé nítòsí odò jù? Ta ni ẹja mọ̀? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń se ẹ̀wà lọ́sàn-án kan, aládùúgbò yà wọlé pé òun ń wá iyọ̀, ó ṣí ìkòkò wò, ó pa á dé, kò sì gba iyọ̀ lọ. Komité pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní ọjọ́ ìpẹja ti kù sí Jímọ̀ mẹ́ta. Tí ẹja kan péré bá tó ọ̀pá lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé àwọn ńlá ṣì wà nínú odò, kò sí ẹni tó ń jí wọn, ọ̀rọ̀ tán. Tí kò bá sí èyí tó tó, wọn yóò gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun.

"Irun mi ti funfun," ó sọ fún mi nígbà tí mo lọ kí i. "Wọ́n fẹ́ pè mí lólè níwájú Lèmọ́mù. Ìwọ tó o ń bi gbogbo ayé léèrè ọ̀rọ̀, ṣé o ò lè bá mi bi ẹni tó mọ ẹja?"

Mo mọ ẹnì kan ní Sokodé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ẹja. Ó ní kí n mú díẹ̀ wá láàyè. Komité gbà, ṣùgbọ́n akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé: ẹja mẹ́fà, gbogbo wọn ọmọdé, a yá oníròyìn láti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹja, yóò dá wọn padà. Mo fọwọ́ sí i. Mo gbé wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, mo gun alùpùpù lọ sí Tchamba, mo wọ takisí láti ibẹ̀ dé Sokodé. Obìnrin tó jókòó tì mí gbọ́ bí omi ti ń pariwo, ó ní, "Ẹran ni?" Mo ní ẹja ni. Ó ní, "Ó ń lọ ibo?" Mo ní ó ń lọ sí buró ìjọba. Ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì rẹ̀.

"Mẹ́fà lẹ ní?" Faransé ló ń sọ, èmi ló ń túmọ̀ rẹ̀ níbí.

"Mẹ́fà ni."

"Ẹ wá wò ó."

Omi náà kún fún nǹkan tíntìntín tó ń rìn, wọ́n pọ̀ bí hóró ọkà bàbà tí ẹnì kan dà sínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan bu ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà, èyí tí kò gùn ju ìka mi lọ, ó rọra tẹ ẹnu rẹ̀. Àwọn mìíràn tú jáde.

"Ọ̀gá, ọmọdé kì í bímọ," ó ní. "Ìyá ọlọ́mọ lẹ gbé wá. Ẹnu ni irú epìyà yìí fi ń gbé ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mì wọ́n, ó tu wọ́n jáde."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n a ti sọ fún un pé kó lọ dàgbà."

"Ó ti dàgbà. Ibi tó máa dàgbà dé nìyẹn."

Mo rò fún un nípa ọ̀pá. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Mo kọ gbogbo ohun tó wí:

"Ẹja dà bí èèyàn, ẹlòmíràn jogún gígùn, ẹlòmíràn jogún kúkúrú. Gbogbo èyí tó gùn, ẹ pa á kó tó bímọ púpọ̀. Èyí tó kúkúrú, tó tètè ń bímọ, tí kò sì ní gùn dé ọ̀pá láéláé, òun lẹ dárí jì. Ọmọ rẹ̀ jọ ọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ jọ ọ́. Ẹ ṣe é láti ayé bàbá yín. Kò sí olè níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣa kúkúrú."

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó lè fà á?"

"Ó lè wà. Bí omi bá kéré, tí wọ́n sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, oúnjẹ kò ní ká wọn, wọn kò ní gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn nìkan tó iṣẹ́."

"Wọ́n á tún lè gùn?"

"Tí díẹ̀ nínú àwọn tó gùn bá ṣì kù, tí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bímọ. Ẹyin ìyá ńlá kan ju ti ọ̀pọ̀ kéékèèké lọ. Ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ó máa ń pẹ́ ju bí wọ́n ṣe kúrú lọ."

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sí Kambolé. Akọ̀wé kò gbà á. Ó ka ìwé, ó wo omi, ó tún ìwé kà.

"Mẹ́fà lo yá. Ta ni àwọn yìí?"

"Ọmọ wọn."

"Ọmọ àwọn ọmọdé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbé kálámù. Ó kọ ọ́ pé mo dá mẹ́fà padà pẹ̀lú àlejò.

Mo ròyìn níwájú komité, mo sì rò ó dáadáa, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọmọ buró kò mọ odò wa. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó wá gbé àga tó yá wọn. Ó fi ọwọ́ lé àga náà.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, tí ẹ bá kórè àgbàdo, èwo lẹ máa ń so rọ̀ lókè ààrò fún irúgbìn?"

"Èyí tó tóbi jù," ni alága dáhùn.

"Èwo lẹ wá ń jẹ?"

"Èyí tó kù."

"Nínú odò ńkọ́?"

Ọkùnrin kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka nǹkan kan, ó sì dáwọ́ dúró.

Alága ní, "Ìyá, ẹja kì í ṣe àgbàdo."

"Òótọ́ ni. Àgbàdo, ẹ máa ń ronú kí ẹ tó jẹ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, alága náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ọ̀rọ̀ ìyá dùn, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ti kọ ọ́: ẹja kan gbọ́dọ̀ tó.

Ọjọ́ ìpẹja pé. Lèmọ́mù ṣe àdúà, a wọ omi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sórí òkúta etí odò, ọ̀pá níwájú rẹ̀, akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé onílà méjì: Ó TÓ lápá kan, KÒ TÓ lápá kejì. "Kò tó. Máa lọ, lọ dàgbà. Kò tó. Kò tó." Nígbà tó di ọ̀sán, kò sọ "lọ dàgbà" fún wọn mọ́. Ó kàn ń wo ẹnu wọn kó tó jù wọ́n sílẹ̀. Apá KÒ TÓ ti kún ojú ewé. Apá kejì funfun bí aṣọ Ìtùnú Ààwẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí a pe ìrun Àlàásàrì nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan ké ní àárín odò. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sórí, ó ń sáré nínú omi, ó ń ṣubú, ó ń dìde. "Bàbá! Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!"

Epìyà ni. Kò sí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ láti ọdún púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹ́ ẹ sórí ọ̀pá, ẹnu ní pípadé, ìrù ní títẹ́, ẹja náà sì fi ìbú ìka méjì kọjá orí ọ̀pá. Àwọn èèyàn jáde kúrò nínú omi, wọ́n yí i ká. Alága fúnra rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, "Àlùhámúdùlíláà, Bàbá, wọ́n ti yọ yín."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yí ẹja náà padà. Ikùn rẹ̀ yọ, ó kún fún ẹyin. Ó gbé ojú sókè, ó ń wá ìyá mi.

Mo dúró ti ìyá mi. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ àgbàdo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹ lọ sílé ní àlàáfíà."

Akọ̀wé ti gbé kálámù lé apá Ó TÓ.

"Ó jù," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí, ó sì jẹ́ kó yọ́ bọ́ sínú omi.

Ariwo tó sọ, mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń ké pé, "Ẹja mi! Bàbá, ẹja mi!" Èèyàn mẹ́ta bẹ́ sómi lẹ́yìn ẹja náà, wọ́n forí gbára wọn.

"Kí lẹ ní?" ni alága bi í.

"Mo ní ó jù."

"Ó ju kí ni?"

"Ó ju ohun tó yẹ ká jẹ."

Ìgbà náà ni akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákun, ibo ni kí n kọ ọ́ sí? Ìlà méjì ló wà níbí. 'Ó jù' kò ní àyè."

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ létí odò pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Gbogbo wọn ló rí ẹja náà. Kò sí ẹni tó sọ pé òun kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹja kò sí lọ́wọ́, Bàbá kò pè é ní "Ó tó," ìwé kò sì gbà á. Alága ronú títí, ó ní, "Ẹja tí kò sí, kò lè tó." Akọ̀wé kọ ìyẹn, nítorí ó wọ ìlà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá fún wọn. Ó fún ọ̀dọ́bìnrin náà ní àkùkọ kan láti ilé rẹ̀. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé wọ́n ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ "fún ìdí tí gbogbo wa mọ̀." Ó jókòó sí sàfù kejì lẹ́yìn Lèmọ́mù, ó gbọ́ ọ.

Alága ló gba ọ̀pá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ sílé fún ìpẹja. "Kò tó" ni láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹja kan kò dé ibi tí ọ̀pá dé. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkùnrin kan níwájú mi sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "O ti rí alága? Ó ti ń sanra láti ìgbà tó gba ọ̀pá." Ìyàwó ní, "Mo ti rí i. Awọ rẹ̀ ń dán." Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dẹ́kun pípe ẹ̀gbọ́n ìyá mi lólè. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ pé àwọn ṣe àṣìṣe. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn ni.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń jẹ iṣu sísun níwájú ilé rẹ̀. Alága wọlé, ó kí wa, ó jókòó. Ó wo ilẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí wọ́n ń pè yín lólè, báwo lẹ ṣe ń sùn?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ ti ẹnu rẹ̀ tán kó tó fèsì.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo fi ń sùn, bí Ànábì ti kọ́ wa. Tí ọ̀tún bá ń ro mí, màá yí sí òsì."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Iṣu rè é, jẹ díẹ̀."

Alága mú ẹyọ kan, kò jẹ ẹ́. "Tí irú ẹja yẹn bá tún jáde, tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣé kí n dá a padà?"

"Dá a padà."

"Wọ́n á ní mo ti jẹ ẹ́."

"Wọ́n ti ń wí bẹ́ẹ̀ báyìí," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí, ó sì ti iyọ̀ sún mọ́ ọn.